Ògiri Tó Ń Jẹ Owó Ayálégbé

"Ìyá Nùsí, ẹ wá wo ibí yìí. Kí lẹ pe èyí?"

Láńlọ́ọ̀dù ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ó dúró sínú yàrá tó ti ṣófo, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ gún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ti jẹrà, pákó ibẹ̀ ń já bọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ìyá Nùsí di ìgbálẹ̀ mú, kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ọmọ rẹ̀ àgbà, Nùsírátù, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa omi tí wọ́n fi nulẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n ti kó ẹrù lọ sí Ìgàndò látàná o, síbẹ̀ wọ́n tún padà wá sí Ìdímù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbá yàrá, wọ́n nu ún, wọ́n fọ gíláàsì wíńdò. Ìyá Nùsí ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìdọ̀tí lòun fi sílẹ̀ lọ.

"Àlàájì, ilẹ̀kùn yẹn ti wà bẹ́ẹ̀ ó pẹ́," ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Òjò ló ń rọ̀ sí i. Mo sọ fún yín nígbà yẹn."

"Ẹ sọ fún mi? Èmi ò rántí o."

Àlàájì Sàkàrìyáù ti kúrò níbẹ̀, ó ti dé ìdí wíńdò. Wọ́n ti já kọ́tìnnì kúrò, ohun tí kọ́tìnnì ń bò tẹ́lẹ̀ sì ti hàn síta: ihò dúdú kan lójú férémù onípákó, ó fẹ̀ tó ìdí ife. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé iná ló jó o. Àlàájì fìka kàn án, ó gbóòórùn ìka yẹn.

"Àbẹ́là. Ìyá Nùsí, àbẹ́là nínú ilé tèmi."

Ìyá Nùsí tẹrí ba, ó tún ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tí Àlàájì kórìíra tó àbẹ́là. Ọdún tó kọ́kọ́ kọ́ ilé yẹn, àbẹ́là fẹ́ẹ̀ jó yàrá kan tán. Látìgbà náà, kó o tó sanwó yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ lo ti máa gbọ́ ọ: tí iná bá lọ, láńtánì ni kó o tàn. Ìyá Matilda tó wà ní yàrá kejì, Aládùúrà tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ ìsìn, òun gan-an ò gbọdọ̀ tan àbẹ́là nílé. Ohun tí Àlàájì sọ fún un ni pé lọ́jọ́ tóun bá rí i, ọjọ́ yẹn ló máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Ó dáa," Àlàájì ní. "Férémù wíńdò, ọgọ́rùn-ún náírà. Ilẹ̀kùn, àádọ́jọ. Kíṣìnì tẹ́ ẹ fi èéfín kùn dúdú, owó ọ̀dà ẹ̀, igba náírà." Ó yọ owó lápò, ó ka àádọ́jọ náírà lé Ìyá Nùsí lọ́wọ́. "Ohun tó kù nínú kọ́ṣọ̀n yín nìyẹn. Ẹ kú ilé tuntun o."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá lọ.

Kọ́ṣọ̀n yìí, owó tí ayálégbé máa ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé lọ́jọ́ tó bá kó dé ni. Tó bá ba nǹkan jẹ́, onílé á yọ ọ́ níbẹ̀. Tí kò bá ba nǹkan jẹ́, á gbà á padà lódindi lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ. Ẹgbẹ̀ta náírà ni Ìyá Nùsí fi sílẹ̀. Lọ́dún 1993 tí mò ń sọ yìí, owó gidi ni ẹgbẹ̀ta náírà o, fún opó tó ń fi aṣọ rírán tọ́ ọmọ méjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó yẹn gan-an ló ń jẹ Nùsírátù lọ́kàn. Mẹ́ṣìn ìyá rẹ̀ ni. Ilé tuntun tí wọ́n kó lọ ní Ìgàndò, kọ́ṣọ̀n tibẹ̀ náà ṣì ku irinwó náírà, ọkùnrin tó ń bójú tó ilé yẹn sì ní òun ò ní fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá Nùsí bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní kó gba mẹ́ṣìn ìránṣọ òun dání, pé tí láńlọ́ọ̀dù òun àtijọ́ bá ti dá kọ́ṣọ̀n padà, òun á wá gbà á. Bí mẹ́ṣìn ṣe wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkùnrin yẹn nìyẹn, wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó mọ́lẹ̀. Oṣù Ọ̀gọ́ọ́sì sì ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ yunifọ́ọ̀mù kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn oníbàárà ti san díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti fi owó yẹn kó ẹrù. Tí mẹ́ṣìn yẹn ò bá tètè dé, wọ́n á wá kó aṣọ wọn, wọ́n á sì bèèrè owó wọn. Kí ni wọ́n á wá jẹ?

Bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ọgbà, Festus pe Nùsírátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ yàrá tó kọjú sí tiwọn ni, kíláàsì kan náà ni òun àti Nùsírátù. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn olùkọ́ wọn lọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín tó bá ti lanu.

"Nùsí, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá."

"Báwo ni kò ṣe le?"

"Ẹ sọ pé Ìyá Matilda ló jó wíńdò. Mùsùlùmí lẹ̀yin, òun ni aláṣọ funfun. Ta lo rò pé Àlàájì máa gbà gbọ́? Tí ìyẹn bá ti bọ́ lọ́rùn yín, inú ẹ̀ á yọ́, á dá ìyókù padà."

"Festus, wọ́n á lé wọn jáde nílé o."

"Ṣé ẹ ṣì ń gbé ibí ni? Irọ́ kọ́ sì ni jàre. Àbí òun kọ́ ló tan án?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dun Nùsírátù nìyẹn, torí òótọ́ ni. Ìyá Matilda ló tan án. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bíi kó má dá mọ́, ara Fàúsátù àbúrò Nùsírátù gbóná bí ẹyín iná, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìyá Nùsí figbe ta. Ìyá Matilda ló kọ́kọ́ dé. Ó mú omi àti àbẹ́là kan wọlé, ó gbé àbẹ́là sójú wíńdò, ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà. Ìyá Nùsí náà ń sọ Bìsìmílà níhà kejì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ ò lajú, Ìyá Matilda ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó gbé e pọ̀n, ó já sínú àgbàrá, omi dé orúnkún rẹ̀, ó sáré títí dé ọ̀nà ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Nínú gbogbo ìyẹn, ta ló fẹ́ rántí àbẹ́là? Ìgbà tí wọ́n fi padà dé, ó ti jó wọnú pákó. Fàúsátù náà ti ń béèrè ògì.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ lọ sí Ìgàndò, Ìyá Nùsí ń wo ìta ṣáá. "Ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run," ó ní.

"Màámi, tá a bá fi í sílẹ̀, ta ló máa bá wa gba mẹ́ṣìn?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ bá Àlàájì jà?"

"Rárá o. Lọ́jọ́ sànítéṣọ̀n tó ń bọ̀, gbogbo ayálégbé ló máa wà nílé. Àlàájì náà sì máa wá gba owó ilé. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ọmọdé? Wọ́n á ní mi ò kọ́ ẹ nílé."

"Orí ìkúnlẹ̀ ni màá ti sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Wíńdò yẹn ńkọ́?"

"Màá sọ pé àwa ni."

"Tó bá wá bi ẹ́ pé ta ló tan àbẹ́là?"

Nùsírátù gbójú sí ìta wíńdò bọ́ọ̀sì. Ìbéèrè yẹn ló ń rò títí wọ́n fi bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn ní títì láàárọ̀ títí di aago mẹ́wàá. Kálukú á wà nílé, wọ́n á máa gbálẹ̀, wọ́n á máa kó gọ́tà, wọ́n á máa roko. Àlàájì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kò sí ayálégbé tó lè sá fún òun. Tí aago mẹ́wàá bá ti lù báyìí, òun náà á gbéra ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ìyá Nùsí àti ọmọ rẹ̀ bá a nínú ọgbà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gba owó. Ẹrẹ̀ gọ́tà kún ibi gbogbo, àwọn ọkùnrin mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, Ìyá Matilda ń fi ìgbálẹ̀ líle fọ ẹnu kànga. Nùsírátù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú sànítéṣọ̀n o, Àlàájì."

"Nùsí ni àbí? Ẹ ti gbàgbé nǹkan síbí ni?"

"Rárá sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta tẹ́ ẹ torí ẹ̀ yọ owó màámi. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò dáa, kẹ́ ẹ bá mi wí."

Àlàájì rẹ́rìn-ín sí Ìyá Nùsí. "Lọ́yà lẹ gbà wá?"

"Ẹ má bínú, Àlàájì, ẹ kàn gbọ́ tiẹ̀," Ìyá Nùsí ní. Kò pe ọmọ rẹ̀ padà.

Àlàájì dìde. Bóyá nítorí pé gbogbo èèyàn ti ń wò ni, mi ò mọ̀. Nùsírátù mú un dé ìdí ilẹ̀kùn wọn. Kò dúró níbẹ̀, ó tún mú un dé ìdí ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, àti èkejì rẹ̀, àti ìkẹta. Yàrá mẹ́rin ló wà lápá ọ̀tún ọgbà yẹn, mẹ́rin lápá òsì. Gbogbo ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ló jẹrà nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jẹrà lápá òsì.

"Apá ọ̀tún ni òjò ti ń fẹ́ wá sà, páànù ò sì jáde tó lápá ibẹ̀. Tó bá jẹ́ àwa la ba tiwa jẹ́, ta ló wá ba ti àwọn tó kù jẹ́?"

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan pákó, ó wo òkè ibi tí páànù parí sí.

Wọ́n wọ kíṣìnì. Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń dáná níbẹ̀, sítóófù to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ògiri sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Àlàájì, ẹ yọ igba náírà màámi fún ọ̀dà ògiri yìí. Bàbá Ọládòṣù tí wọ́n kó lọ lọ́dún tó kọjá, ẹ yọ tiwọn náà fún un. Síísítà Esther tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ yọ tiwọn. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni sà. Èwo nínú owó yẹn lẹ ti fi kùn ún?"

Bàbá Báyọ̀dé, àgbà ayálégbé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ wò ó, ògiri yìí lówó ju gbogbo wa lọ. Ó yẹ ká máa yáwó lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin kan ní, "Òótọ́ ni jàre, owó tèmi náà ló ń dúró dè."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?" Àlàájì yíjú. Ẹ̀rín yẹn ti dójú tì í, ó sì ń bí i nínú. Ó kọjú sí Nùsírátù. "O mọ̀rọ̀ sọ. Wíńdò wá ńkọ́? Òjò ló jó ìyẹn náà?"

Nùsírátù bojú wo ìta. Ó rí Festus lẹ́yìn èrò, ó ń fi ẹnu júwe Ìyá Matilda fún un. Ó rí Ìyá Matilda náà, ìgbálẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Gbogbo owó lè padà. Mẹ́ṣìn lè dé ilé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

"Rárá sà," ó ní. "Ìyẹn, àwa ni. Inú yàrá wa ni àbẹ́là ti jó o. Ẹ ti sọ fún wa pé ká má tan án, a jẹ̀bi. Ọgọ́rùn-ún náírà yẹn, tiyín ni."

"Ta ló tan án?"

"Àbúrò mi ló ń ṣàìsàn, sà. Ó fẹ́ẹ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwa la ni yàrá, àwa la ni ẹ̀bi."

"Mo ní, ta ló tan án?"

Nùsírátù tún kúnlẹ̀, ó tẹríba. Kò purọ́, kò sì dárúkọ ẹnì kankan. Àlàájì ń wò ó, ó ń wò ó. Ìyá Nùsí fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi bí ìgbálẹ̀ ṣe balẹ̀ gbàà lẹ́nu kànga.

"Èmi ni, Àlàájì." Ìyá Matilda ti bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ má bi ọmọ yẹn mọ́. Èmi ni mo tan án, èmi ni mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, torí ọmọ ló wà lẹ́yìn mi. Tẹ́ ẹ bá ní kí n kó ẹrù mi, màá kó o."

Àlàájì wo obìnrin méjèèjì, ọ̀kan Mùsùlùmí, ọ̀kan Aládùúrà, ó wo ọmọdébìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Láti ọdún tí mo ti ń gba owó ilé, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni 'kì í ṣe àwa.' Wọ́n á fọ́ gíláàsì, kì í ṣe àwọn. Wọ́n á ju ike sínú kànga, kì í ṣe àwọn. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, bákan náà ni mo ń yọ owó gbogbo yín. Ọmọ yìí lẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé 'àwa ni.' Tó bá lè sọ òótọ́ lórí èyí tó máa mówó lọ lọ́wọ́ ẹ̀, irọ́ wo ni mo fẹ́ sọ pé ó ń pa lórí ìyókù?"

Ó tọwọ́ bọ inú owó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó ka ọ̀ọ́dúnrún náírà àti àádọ́ta, ó na án sí Ìyá Nùsí. Ìyá Nùsí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀. Àlàájì ní kó dìde.

"Ìyá Matilda, tí ọmọ bá tún ń ṣàìsàn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Mi ò sì fẹ́ rí àbẹ́là o. Mo ti sọ tèmi."

Kò bẹ ẹnikẹ́ni, onílé kúkú ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbà gbọ́ nígbà tó ń bi Bàbá Báyọ̀dé ní ẹnu ọ̀nà pé èló ni wọ́n ń ta gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan báyìí.

Festus bá Nùsírátù dé ìta. "O kàn fi ọgọ́rùn-ún náírà ṣòfò ni."

"Mi ò fi ṣòfò. Òun ló jẹ́ kó gbọ́ ìyókù."

"Tí kò bá wá gbọ́ ńkọ́?"

"À bá ti padà sílé láìgba nǹkan kan," Nùsírátù ní. "Ṣùgbọ́n màá ṣì lè wo ojú Ìyá Matilda."

Festus họ orí, ó yí padà sínú ọgbà. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n san irinwó náírà ní Ìgàndò tí wọ́n gbé mẹ́ṣìn wọlé. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù ló jáde kí ilé ìwé tó wọlé, kò sí oníbàárà tó bínú.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà nílé ìwé, ìdí tí mo fi ń yin Nùsírátù nìyí. Ó láyà tó fi lè sọ fún àgbàlagbà pé ohun tó ṣe ò dáa, kò sì rí i fín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè ṣe ìyẹn. Èyí tó tún dùn mọ́ mi nínú jù ni pé nígbà tó ń gba ẹ̀tọ́ ìyá rẹ̀, kò gbé ẹ̀bi tiwọn lé ẹni tó ṣe wọ́n lóore lórí. Tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má dákẹ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó jẹ́ ẹ̀bi yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbà á lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa gba yín gbọ́ lórí èyí tí kì í ṣe tiyín.